Wọ́n Ní Gíà Ni Gíà

Ta ló bú u? Ẹ̀gbọ́n, mo ní ta ló bú u? Ẹ jókòó ná, ẹ jókòó dáadáa, ẹ má jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ sáré lọ, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Ṣé pé àbúrò yín gbéra nílé yìí, ó wá bá yín nílé yín, ó ní ìyàwó òun ń bú òun? Ó dáa. Kí ni mo wá pè é? Ṣé ó sọ ìyẹn náà? Ọ̀gá Onígíà! Háà, Ọ̀gá Onígíà ló wá di èébú! Oyè nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n, oyè tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ níwájú bàbá yín, níwájú mẹkáníìkì, níwájú ìyá tó ń gbé òkè wa. Èmi kàn ń kí i sí oyè ni. Àbí ẹni tó joyè kì í fẹ́ kí wọ́n kí òun mọ́ ni?

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ń pè é ní "ó". Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, "wọ́n" ni mo máa ń pè é, ẹ̀yin náà lè jẹ́rìí sí i. Lónìí, ahọ́n mi kọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Tí inú mi bá rọ̀, "wọ́n" á padà wá.

Omi yín nìyẹn o. Ẹ mu ún. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó dá mi lójú pé ibi tó dùn mọ́ ọn nínú ni òun ti bẹ̀rẹ̀ fún yín.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ wa yẹn ni ẹsẹ̀ Bàbá. Láti ìgbà tí apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti dákẹ́, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì, èmi ni mo ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí n tó wọ ibi iṣẹ́ tèmi, lọ́dọ̀ obìnrin tó ń na apá, tó ń na ẹsẹ̀ fún wọn. Ó sì ti ń dáa bọ̀! Bàbá ti ń gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn di ife mú, ó ń gbọ̀n ni o, ṣùgbọ́n wọ́n ń dì í mú. Obìnrin yẹn ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa ọjọ́ kankan jẹ. Tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ yìí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láti ABD la ó tún bẹ̀rẹ̀."

Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn? Ẹ dì í mú sọ́wọ́. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin.

Ọjọ́rú kan báyìí, mo gbé Bàbá, a dé orí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì pariwo bí ẹni tí wọ́n ń lù, ọkọ̀ ò lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ariwo pọ̀ sí i, ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rọra padà sẹ́yìn, pẹ̀lú bàbá yín nínú ẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ omi ńlá kan lẹ́yìn wa! Jẹ́sù! Mo fa bíréèkì ọwọ́. Bàbá wojú mi, wọ́n ní, "Ṣé a ti dé ni?" Mo ní, "Rárá, Bàbá, ọkọ̀ ló ń sinmi." Ọkùnrin mẹ́rin ló ràn mí lọ́wọ́ gbé wọn wọlé lọ́jọ́ náà.

Àbúrò yín wá pe mẹkáníìkì. Ẹ ò tíì rí mẹkáníìkì yẹn rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí i. Kí ẹ tó la ẹnu, ó ti ní, "Mo ti gbọ́." Mo-Ti-Gbọ́ làwọn ọmọ mi ń pè é. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bíréèkì yìí..." "Mo ti gbọ́, Mádàámù." Kò tíì gbọ́ nǹkan kan o! Ó sọ gíà kalẹ̀, ó da ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú ike. Ọ́ìlì tó yẹ kó pupa fòò, ó dúdú bí omi èédú, ó ń rùn bí ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná mọ́. Ó ní, "Gíà yìí ti kú. Ẹ lọ wá tòkunbọ̀. Ẹ dárúkọ ọkọ̀, ẹ sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, ó parí."

Mo ní, "Irú èwo nínú gíà ọkọ̀ yìí?"

Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin náà ò wo ojú mi. Ọ̀dọ̀ àbúrò yín ló kọjú sí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún Mádàámù pé gíà ni gíà." Àbúrò yín náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín fún ọmọdé tó bi wọ́n pé níbo ni oòrùn ń sùn. Ó ní, "Gíà ni gíà, ìyá àwọn ọmọ."

Gíà ni gíà! Èmi! Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún ní yàrá fáìlì ilé ìwòsàn! Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbẹ̀? Ẹ̀yin náà rò pé mo kàn ń kó ìwé láti orí pẹpẹ kan lọ sí òmíràn, àbí? Àwọn obìnrin méjì kan wà lọ́dọ̀ wa, orúkọ wọn kan náà, orúkọ bàbá wọn kan náà, ọdún tí wọ́n bí wọn kan náà. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń wo ọ̀kan sàn, abẹ́rẹ́ yẹn kan náà ló lè pa ìkejì. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Nọ́ńbà kan ṣoṣo, ní ìparí, lára ìwé. Mẹ́ta àti mẹ́jọ. Tí ọwọ́ mi bá ṣì í, ìyá ọlọ́mọ kan ò ní délé. Kí ẹnì kan wá dúró níwájú mi, kó ní kí n fi orúkọ àti ọdún nìkan wá nǹkan!

Ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni mo gbà lọ béèrè lọ́dọ̀ awakọ̀ tó ń gbé àwọn aláìsàn, torí irú ọkọ̀ wa ló ń wà nílé ara rẹ̀. Ó ní, "Háà, Ìyáàfin, ẹ ṣọ́ra! Lọ́dún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yín yẹn, oríṣi gíà mẹ́ta ni wọ́n kó sínú rẹ̀." Mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n! Ó ní àwọn tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìgbà mẹ́rin ni gíà wọn ń yí ara rẹ̀ padà. Àwọn tí wọ́n ṣe ní ìparí ọdún, ìgbà márùn-ún. Ìkẹta wà fún èyí tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni tiwa fi ń fà. Ó ní tí ẹ bá wò wọ́n lókèèrè, ẹ ó ní ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ yẹn, ó mọ tirẹ̀. Tí ẹ bá gbé àlejò fún un, kò ní bá a sọ̀rọ̀.

Kí ni mo ṣe? Mo padà sí ọgbà mẹkáníìkì, mo bọ́ bàtà, mo ká aṣọ iṣẹ́ mi sókè, mo kúnlẹ̀ ti gíà tó kú yẹn. Mo fi àkísà àti kẹrosíìnì fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí mo fi rí irin pélébé kan tí kò ju ìka méjì lọ, tí wọ́n tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí lára. Mo kọ ọ́. Mo kà á láti iwájú, mo kà á láti ẹ̀yìn, bí a ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́. Mo ka abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ibi tí wáyà ti ń wọ inú rẹ̀, méjìlá ni, ẹnu náà sì pẹlẹbẹ, mo yà á sẹ́yìn ìwé. Mo tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: ẹsẹ̀ iwájú nìkan. Kí ló tún kù? Ṣé kí n bá wọn gbé e wá láti ìlú òyìnbó ni?

Mo fi ìwé náà lé àbúrò yín lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ohun tó wà lára rẹ̀ bá bá èyí mu ni kí ẹ mú." Ó ní, "Ó ti yé mi." Ó ká a mẹ́rin, ó fi sápò. Òun àti Mo-Ti-Gbọ́ jọ jáde lọ bí àwọn tó ń lọ fẹ́ ìyàwó.

Wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ dé. Ẹ bá wa yọ̀! Ó ń dán! Ẹ lè fi ṣe dígí. Àbúrò yín gbá a nídìí bí ẹni gbá màlúù tó rà. Ó ní, "Wò ó, ìyá àwọn ọmọ, wo bó ṣe mọ́." Mo wo ẹnu wáyà. Ó rí roboto. Mo ní, "Tiwa pẹlẹbẹ." Mo-Ti-Gbọ́ ní, "Mo ti gbọ́, Mádàámù, a máa gé wáyà, a máa so wọ́n." Mo ní, "Abẹ́rẹ́ mélòó ló wà nínú rẹ̀?" Àbúrò yín ní ṣé mo fẹ́ ran aṣọ ni. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n! Mo wo ara irin pélébé rẹ̀, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nìkan ló bá tiwa mu, ìyókù ò mọ̀ wá rí.

Wọ́n gé wáyà, wọ́n so ó, ó gbà wọ́n lọ́jọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ tí wọ́n tan ọkọ̀, gbogbo iná tó wà níwájú awakọ̀ ló tàn pa pọ̀, pupa, àwọ̀ ọsàn, àwọn tí mi ò rí rí. Ọkọ̀ fò síwájú lẹ́ẹ̀kan, ó jágbe, ó dé ẹnu géètì, ó dúró ti gíà kan ṣoṣo, kò gbà kó yí sí òmíràn. Àgbàlagbà tó ń rìn lọ lójú ọ̀nà kọjá lára wọn! Ó tiẹ̀ kí wọn!

Mo ní, "Ìwé mi dà?" Ó ní ìwé wo. Mo ní ìwé tí mo kọ nọ́ńbà sí. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ó ti fi nu ọ́ìlì! Wọ́n fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jáde, wọn ò rí àkísà, àbúrò yín kó ọwọ́ sápò, ó mú ìwé mi, ó fi nu ún. Mo rí i nílẹ̀ lẹ́bàá táyà, ó ti di dúdú, kìkì "iwájú nìkan" ló ṣì ṣeé kà.  

Ní gbogbo àsìkò yẹn, Bàbá ńkọ́? Ṣé ẹ rò pé ẹsẹ̀ ń dúró de mẹkáníìkì? Mo ń wá takisí. Ẹni tó bá dúró, tó bá rí i pé àgbàlagbà tí apá kan ò ṣiṣẹ́ la fẹ́ gbé wọlé, pé á gba àkókò, ó ti yọ́ lọ. Ẹnì kan sọ fún mi pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ọkọ̀ òun, kí Bàbá má lọ tọ̀ sí i. Mo gbé wọn lọ lẹ́ẹ̀mejì péré ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbé tíì fún Bàbá, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, ife bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n wo ọwọ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọmọ àwọn. Kí n má bà á nínú jẹ́! Èmi ni mo nu ilẹ̀. Mo nu ilẹ̀, mo sì ń sunkún, mo ní èéfín ni.

Ẹ jẹ́ n mí.

Ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rẹ́rìn-ín, tí ẹ bá rẹ́rìn-ín inú á bí mi sí i. Wọ́n dá ti àkọ́kọ́ padà, wọ́n so ẹnu wáyà tiwa padà sáyè rẹ̀, wọ́n gbé òmíràn dé. Mo ti kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé tuntun, mo ní kí ó mú un lọ, ó ní òun ti há a sórí. Há a sórí! Ọjọ́ ìbí àkọ́bí wa, ọdọọdún ló ń bi mí. Ó dé, ó ń fọ́nnu, ó ní, "Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu wáyà pẹlẹbẹ, abẹ́rẹ́ méjìlá, ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?" Mo yí i ká. Mo rí i pé ẹnu ihò ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí tiwa ò ní. Mo ní, "Èyí ńkọ́?" Ó ní, "Àlékún ni ìyẹn! Wọ́n fún wa ní èyí tó pọ̀ ju tiwa lọ."

Ẹ gbọ́ mi? Ó ní àlékún ni! Ìkẹta yẹn ni, èyí tí awakọ̀ sọ fún mi, ti ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà! Ihò yẹn ni irin tó ń lọ sẹ́yìn ọkọ̀ ti ń jáde. Irin wo ló fẹ́ jáde níbẹ̀ nínú ọkọ̀ tiwa? Wọ́n tì í wọlé, kò wọlé. Wọ́n gbé e ní ẹ̀gbẹ́, kò wọlé. Ó ń kọ lu irin abẹ́ ọkọ̀. Mo-Ti-Gbọ́ bá mú ayùn irin. Ó ní òun á gé díẹ̀ kúrò lára ọkọ̀. Ọlọ́run ló ní kí n yà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sórí ibẹ̀ gan-an tó fẹ́ gé, nínú aṣọ iṣẹ́ mi, mo gbé báàgì mi lé ẹsẹ̀. Mo ní, "Kí ẹ tó gé ọkọ̀ yìí, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gé." Ó ní, "Mo ti gbọ́, Mádàámù." Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo gbàyè níbi iṣẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti fi fóònù ya àwòrán irin pélébé yẹn, mo tún kọ ọ́ sínú ìwé, mo lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀. Ẹ ò rí ibẹ̀! Gíà ni lápá ọ̀tún, gíà lápá òsì, wọ́n tò wọ́n lórí ara wọn bí àpò sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ ń yọ̀ fún ọ́ìlì. Obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù, ó ti dàgbà díẹ̀, ó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, Ìyá Onígíà ni gbogbo wọn ń pè é. Mo na ìwé sí i. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Ó ní, "Ta ló kọ èyí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ọmọ mi, jókòó. Wọ́n ń wá síbí, wọ́n ń ṣàpèjúwe gíà fún mi bí ẹni ń ṣàpèjúwe adìyẹ tó sọnù. Ìwọ lo mú nọ́ńbà wá."

A bẹ̀rẹ̀. A wo àkọ́kọ́, ó bá a mu títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn, lẹ́tà yẹn yàtọ̀. Ìyá Onígíà fúnra rẹ̀ ní, "Ó lè ṣe é o, ọ̀pọ̀ ló ń gbé e bẹ́ẹ̀." Mo ní rárá. Mo ní mo mọ ohun tí nọ́ńbà ìparí lè ṣe. Ó kàn mi orí fún mi, ó ká tapólì kan sókè ní igun, ó ní kí n wo èyí. Eruku bò ó mọ́lẹ̀, aláǹtakùn ti kọ́lé sí i. Mo nu ún. Mo kà á láti iwájú, mo kà á láti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n, òun ni! Lẹ́tà fún lẹ́tà! Mo ka abẹ́rẹ́, méjìlá, ẹnu pẹlẹbẹ. Kò sí ihò lẹ́yìn. Mo ní kí ó da ọ́ìlì rẹ̀ díẹ̀ sórí bébà funfun, ó pupa, kò rùn, kò sí ìdọ̀tí irin nínú ẹ̀. Mo ní tí kò bá bá ọkọ̀ wa sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń dá a padà. Ó ní kí n kọ ọ́, òun á fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i!

Ìgbà tí wọ́n ń gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù ni ó wá ní, "Ṣé ọkùnrin gíga kan, tó ń fọwọ́ gbá gíà nídìí, kì í ṣe ará ilé rẹ?" Mo ní, "Ọkọ mi ni." Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá, èyí gan-an ni mo fà jáde fún un. Mo bi í pé nọ́ńbà dà, ó ní òun ò nílò nọ́ńbà. Ó ní èyí ti dọ̀tí jù. Ó ní kí n fún òun ní èyí tó ń dán."

Ẹ̀gbọ́n! Ọjọ́ àkọ́kọ́! Ìwé mi wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn! Ó dúró níwájú gíà wa, ìwé wà lápò, gíà wà níwájú, ó ní ó dọ̀tí! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú ẹsẹ̀ bàbá yín, nítorí eruku tí mo fi àkísà nu ní ìṣẹ́jú kan!

Ó dáa. Mo gbé e délé. Wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀ láàárín ọjọ́ kan, kò sí gígé, kò sí síso, ó wọlé bí ẹni wọ yàrá ara rẹ̀. Mo-Ti-Gbọ́ tan ọkọ̀, kò sí iná pupa kankan. Ó yí láti ọ̀kan sí ìkejì sí ìkẹta, ẹ ò ní mọ̀ pé ó yí. A gbé Bàbá sínú ẹ̀, a yí àdúgbò ká. Bàbá yọ̀, Ẹ̀gbọ́n, omi bọ́ lójú wọn. A padà délé, gbogbo ènìyàn jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí. Bàbá ní, "Ọmọ mi, báwo lo ṣe rí i?"

Mo dúró síbẹ̀. Mo gbé àwo omi lọ́wọ́. Mo ń retí. Àbúrò yín gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ gíà, ó gba sùúrù. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé gíà ni gíà. Rárá o! Oríṣi mẹ́ta ló wà. Ẹ gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Èmi àti mẹkáníìkì la jọ wá a títí a fi rí i." Ó ń ka abẹ́rẹ́ fún wọn, méjìlá! Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ, ó ń kà á sí mi létí! Mo-Ti-Gbọ́ ń mi orí, ó ní, "Ọ̀gá gbìyànjú." Ìyá Òkè ní, "Ọkùnrin tó mọ nǹkan dára nílé." Bàbá gbé ọwọ́ òsì lé e lórí, wọ́n ṣàdúrà fún un. Ẹ̀yìn àdúrà, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, omi dà?"

Mo fún un lómi. Mo ní, "Ẹ gbà, Ọ̀gá Onígíà." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá Onígíà. Oúnjẹ ti délẹ̀, Ọ̀gá Onígíà. Ọ̀gá Onígíà, gílóòbù ilé ìwẹ̀ ti jó, ṣé kí n ka nọ́ńbà rẹ̀ ni àbí ẹ ti há a sórí?" Ṣé èébú wà níbẹ̀? Ẹ tọ́ka sí i fún mi.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ ní kí Bàbá gbé àtàǹpàkò. Kò gbé. Láti ABD náà ni. Mo fọwọ́ mi bá wọn gbé e, mo ní, "Á, Bàbá." Wọ́n ní, "Bí." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, tí ẹ bá wá parí ìjà, Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Mi ò fẹ́ aṣọ, mi ò fẹ́ kí ó kúnlẹ̀. Kó jókòó níwájú Bàbá, kó ní, "Ìyàwó mi ló wá gíà yìí rí." Ọ̀rọ̀ méje ni. Mo ti kà á.

Kí lẹ ń wá nínú báàgì? Ẹ fi omi sílẹ̀ ná, kí lẹ ń... Kí lèyí? Ẹ̀gbọ́n, àwòrán kí lẹ ń fi hàn mí? Ọ́ìlì? Ó dúdú? Gíà tiyín... Háà! Gíà tiyín náà! Láti ìgbà wo? Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá! Ẹ jókòó síbí láti àárọ̀, ẹ ń mi orí, ẹ ń sọ "pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa", mo rò pé ìjà lẹ wá parí! Ẹ̀yin ìdílé yìí, mo gbà fún yín!

Ta ló ní kí ẹ wá bá mi? Òun? Ó tì, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tàn mí. Òun fúnra rẹ̀? Ó wá fi mí sùn, ó rí ọkọ̀ yín nílẹ̀, ó wá ní kí ni? Ẹ tún un sọ. "Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án, ìyàwó mi ni kí ẹ lọ bá, òun ló wá tèmi rí." Ó sọ bẹ́ẹ̀? Ó sọ ọ́ sókè? Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́! Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn! Ó tún ní kí ẹ má sọ pé òun ló sọ ọ́! Háà! Háà, Ọlọ́run mi o, ẹ dì mí mú, ẹ̀rín máa pa mí! Ó mọ̀ ọ́n sọ! Ẹnu rẹ̀ lè sọ ọ́!

Rárá, rárá, ẹ gbé fóònù yẹn sọ́dọ̀ ara yín. Mi ò ní wo lẹ́tà kan ṣoṣo lára gíà yín. Ẹ kọ́kọ́ pè é. Ẹ pè é báyìí, ẹ ṣí ohùn rẹ̀ sókè dáadáa, kó sọ ohun tó sọ fún yín yẹn, gbogbo rẹ̀, láìwo ẹ̀yìn. Ó ti ń dún? Ẹ mú un dání, ẹ jẹ́ n ṣílẹ̀kùn yàrá.

Bàbá! Bàbá, ẹ jí o! Ọmọ yín, ó... wọ́n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.